Kí ni wọ́n ń pè ní "dry" lára ìgò wáìnì, èwo ló sì bá ọbẹ̀ ata mu?

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo gbé ìgò wáìnì kan wọlé. Ìkẹjà ni mo ti ń bọ̀, Mówé ni mò ń gbé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà sì ti gbà tó wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ mi kí n tó dé ibùdókọ̀ wa. Ìsọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta ọtí. Mo wo ìgò tí owó rẹ̀ kò ga jù, tí àwòrán ara rẹ̀ sì wù mí, mo sanwó, ó di ilé. Ìyàwó mi ti bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata sílẹ̀. Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì hunjọ bí ojú ẹni tó fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu. "Bàbá Sìmí, ọtí tó ti kan ni wọ́n tà fún yín o! Ẹ dá a padà fún wọn lọ́la."

Èmi náà mu díẹ̀. Lóòótọ́, kò dùn. Ṣùgbọ́n ọtí náà kò bàjẹ́, ẹni tó tà á kò sì rẹ́ wa jẹ. Nígbà tí mo yí ìgò náà sí iná ni mo rí i nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní: "dry". Gbígbẹ ni òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣàn nínú ìgò, báwo ló ṣe wá gbẹ? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa ra ohun tí wọn kò fẹ́, kí wọ́n sì gbà pé olówó nìkan ló lè rí wáìnì gidi mu. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti mu ẹmu rí ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó mọ̀ nípa wáìnì. Kò kàn tíì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìdí ọ̀pẹ. Nígbà tí adẹ́mu bá gbé kèǹgbè sọ̀kalẹ̀ ní ìdájí, ohun tó wà nínú rẹ̀ dùn bí omi ṣúgà. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń hó, ìfófòó ti ń yọ lẹ́nu kèǹgbè, adùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, ó sì ti ń gun orí díẹ̀díẹ̀. Tó bá di alẹ́, àwọn tí wọ́n mọ ọtí í mu ló kù tó lè bá a jókòó. Kò sí ẹni tó yọ ṣúgà kúrò nínú rẹ̀. Ìwúkàrà ló jẹ ẹ́, ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tó wà nínú afẹ́fẹ́, lára igi àti nínú kèǹgbè àná. Bó ṣe ń jẹ ṣúgà ló ń sọ ọ́ di ọtí, òun náà ló sì ń tú atẹ́gùn tó ń mú ẹmu hó sílẹ̀.

Wáìnì kò yàtọ̀ sí èyí. Omi èso àjàrà ni wọ́n fún, ìwúkàrà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ṣúgà inú rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kó jẹ ẹ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ohun tó jáde ni wọ́n ń pè ní "dry". Bí wọ́n bá dá ìwúkàrà dúró lójú ọ̀nà, nípa mímú omi náà tutù nini kí wọ́n sì sẹ́ ẹ dáadáa, ṣúgà á ṣẹ́kù, wọ́n á sì kọ "semi-sweet" tàbí "sweet" sí i lára. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé adẹ́mu kò lè dá ẹmu tirẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀; iṣẹ́ inú kèǹgbè ń lọ bí ó fẹ́ bí ó kọ̀. Nínú ilé tiwa, a ti fi ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn sílẹ̀. Wáìnì tó dùn ni à ń pè ní wáìnì àárọ̀, èyí tí wọ́n kọ "dry" sí lára ni wáìnì alẹ́. Ó yé gbogbo wa.

Èyí tí ìyàwó mi rò pé mo rà wà ní ìpele kẹta, ti ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹmu. Nígbà yẹn kòkòrò mìíràn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwúkàrà, ó ń fi afẹ́fẹ́ sọ ọtí náà di ohun tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní ọtí kíkan. Ìyẹn ti bàjẹ́ lóòótọ́. Imú ni ẹ fi máa mọ̀ ọ́n: á ta yín nímú kó tó dé ẹnu. Wáìnì alẹ́ kì í ta ni nímú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ló máa ń mú kí itọ́ ṣẹ̀ sí, torí pé kíkan díẹ̀ wà nínú èso àjàrà fúnra rẹ̀, bó ṣe wà nínú ọsàn àti àgbálùmọ̀, ìwúkàrà kì í sì í jẹ ìyẹn. Nígbà tí ṣúgà tó ń bò ó mọ́lẹ̀ ti lọ tán ni kíkan náà ń yọjú.

Àwọn ará Yúróòpù ti fi òfin de orúkọ wọ̀nyí. Wáìnì tí kì í hó, kí wọ́n tó lè pè é ní "dry", ṣúgà tó kù nínú lítà kan kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 4 lọ, àyàfi bí kíkan rẹ̀ bá pọ̀ tó, tí wọ́n lè gbà á dé 9. Gíráàmù 4 kò ju ṣíbí tíì kan lọ, nínú odidi lítà. Èyí tó bá ti tó gíráàmù 45 sókè ni dídùn pátápátá, àwọn yòókù sì wà láàárín. Bí ìgò náà bá ti Sípéènì wá, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà wa ti rí, "seco" ni wáìnì alẹ́, "semidulce" ni èyí tó dùn díẹ̀, "dulce" ni wáìnì àárọ̀ gan-an. "Tinto" ni pupa, "blanco" ni funfun. Ti ilẹ̀ Faransé, "sec" àti "doux" ni kí ẹ máa wá.

Ibi tí wọ́n ti da ọ̀rọ̀ rú pátápátá ni ti àwọn tó ń hó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ṣampéènì lóde ìnáwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó ti agbègbè Champagne ní ilẹ̀ Faransé wá nìkan ni òfin Yúróòpù gbà láyè láti jẹ́ orúkọ yẹn. Nínú àwọn wọ̀nyí, "brut" ni ṣúgà rẹ̀ kéré, kò tó gíráàmù 12 nínú lítà. "Extra dry" wà láàárín 12 sí 17. "Dry" fúnra rẹ̀ lè dé 32! Ẹni tó bá sá fún adùn tó wá lọ mú ìgò tí wọ́n kọ "dry" sí ti ra adùn wálé. Tí ẹ bá rí ẹni tó gbà wọ́n nímọ̀ràn yẹn, ẹ bá mi kí i.

Nípa ti àwọ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò gùn. Bí ẹ bá bó èèpo èso àjàrà dúdú, omi tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn mọ́ gaara. Èèpo ló ní àwọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kí omi àti èèpo jọ wà pa pọ̀ títí ìwúkàrà fi ṣiṣẹ́, wáìnì pupa ni. Bí wọ́n bá tètè yọ èèpo kúrò, funfun ni. Bí èèpo bá wà níbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ péré, á pọ́n résúrésú, ìyẹn ni rosé. Nítorí náà, pupa kò sọ pé ó dùn, funfun kò sì sọ pé kò lágbára. Àwọn àgbà kan nílé wa sì gbàgbọ́ pé wáìnì pupa ń fún ni lẹ́jẹ̀. Aró ara èèpo àjàrà ni wọ́n rí o, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ohun mìíràn tí èèpo àti kóró àjàrà ń mú wá ni fífa ẹnu. Bí ẹ bá ti jẹ kajú rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: ahọ́n á le, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fà mọ́ eyín, bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nu inú ẹnu. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, tíì tí ẹ gbàgbé sínú omi gbígbóná náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tannin ni orúkọ ohun tó ń fa á. Ó pọ̀ nínú wáìnì pupa, ó kéré nínú funfun torí pé èèpo kò pẹ́ níbẹ̀. Òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà sí kíkorò, tí wọ́n á fi sọ pé wáìnì ò dáa. Ẹni tí kò bá fẹ́ fífa ẹnu, kó má ṣe jìyà lórí pupa kankan nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń mu ún.

Ó wá ku ibi tó kan oúnjẹ alẹ́ wa gan-an. Gbogbo ìwé àti fídíò tí mo rí nípa wáìnì, ẹran sísun àti wàràkàṣì ni wọ́n ń sọ: pupa fún ẹran, funfun fún ẹja. Èmi tẹ̀ lé e. Mo ra pupa kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún, mo gbé e ti ọbẹ̀ ata tó kún fún rodo àti ẹran màlúù. Mo jẹ òkèlè méjì, mo mu ẹnu kan, iná ràn mọ́ mi lẹ́nu. Mo mu omi, kò lọ. Mo tún mu wáìnì, ó burú sí i. Mo rò pé ìyàwó mi ló sọ ata di púpọ̀, mo sì sọ ọ́ síta, èyí tí kò yẹ kí n sọ.

Ata náà kò ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ohun tó ń ta nínú ata, capsaicin, máa ń lọ kan ibì kan nínú ẹnu tí ara fi ń mọ̀ pé nǹkan gbóná ń jó òun. Ọtí líle ń ta ibẹ̀ jí náà. Tí ẹ bá da ọtí tó lágbára lé ata lórí, ẹ ti fi epo sí iná. Fífa ẹnu inú wáìnì pupa tún máa ń le sí i níwájú ata, á wá dà bíi kajú tí wọ́n bu ata sí. Ohun méjì ló ń pẹ̀tù sí i: ṣúgà díẹ̀, àti kó tutù. Nítorí náà, fún ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata, fún ẹ̀fọ́ rírò, fún àsun, wáìnì funfun tàbí rosé tó dùn díẹ̀, tó tutù dáadáa, tí agbára rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdá 11 tàbí 12, ló dára jù. Ìlànà tí àwọn òyìnbó fi lélẹ̀ nípa ẹran àti ẹja, oúnjẹ tiwọn ni wọ́n fi ṣe é. Nínú àwo tiwa, ata lẹ máa kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ẹran.

Ìròyìn ayọ̀ sì ni èyí fún àpò wa, torí pé irú wáìnì bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn tí kò wọ́n. Chenin Blanc láti South Africa ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Òun ni èso àjàrà tí wọ́n gbìn jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, ó pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n ti fún un lórúkọ tiwọn, Steen. Ohun tó bá pọ̀ lóko kì í wọ́n lọ́jà. Wọ́n sì ti ń ṣe wáìnì níbẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́: ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1659 ni Jan van Riebeeck, olórí àwọn ará Dutch tó tẹ̀dó sí Cape níbẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti fún wáìnì àkọ́kọ́ láti ara àjàrà Cape. Ẹ kàn rí i pé ẹ ka ara ìgò, torí Chenin lè jẹ́ ti alẹ́, ó sì lè jẹ́ ti àárọ̀.

Bí ó bá jẹ́ sùyà lẹ rà lójú ọ̀nà, tó ṣì ń rùn èéfín nínú bébà, ẹ lè gbé pupa sí i, kó ṣáà jẹ́ èyí tó fúyẹ́, tó sì ti dé inú fìríìjì. Pinotage máa ń bá mi lára mu níbẹ̀, torí pé òun náà lè ní òórùn tó jọ èéfín. Ọmọ South Africa ni òun náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham Perold ló fi àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, so ara wọn pọ̀ ní Stellenbosch lọ́dún 1925 tó fi rí i. Ẹja yíyan àti mọ́ínmọ́ín gba wáìnì funfun alẹ́, èyí tó kan díẹ̀, bí ìgbà tí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹja. Ẹ̀gúsí gbà á pẹ̀lú, torí kíkan náà máa ń gé epo lẹ́nu. Ní ti àmàlà àti ewédú, mo ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ewédú kò bá wáìnì kankan ṣọ̀rẹ́ ní ẹnu tèmi. Omi tutù ni mo fi ń sin àmàlà lọ.

Ẹ ti lè máa bi ara yín pé kí ló wá mú kí ìgò kan wọ́n ju èkejì lọ. Àbúrò mi tó wà ní London ló là mí lójú sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìjọba Britain sọ owó orí ìgò wáìnì kan tí kì í hó di pọ́n-ùn 2.67, wọ́n sì tún ń gba VAT, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, lé e lórí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ bó ṣe rí nígbà náà. Nínú ìgò tí wọ́n ń tà ní pọ́n-ùn 5, VAT mú bíi kọ́bọ̀ 83 tiwọn, owó orí mú 2.67, ó ku pọ́n-ùn kan ààbọ̀ péré. Inú ìyẹn ni wọ́n ti máa san owó ìgò, owó ọkọ̀ òkun àti èrè ọlọ́jà kó tó kan àgbẹ̀ tó gbin àjàrà. Nínú ìgò pọ́n-ùn 10, owó orí kò yí padà. Lẹ́yìn VAT, ó ku tó pọ́n-ùn 5.66. Owó tí ẹ san di ìlọ́po méjì, ohun tó kù fún wáìnì àti àwọn tó ṣe é fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin.

Nílé níbí, ìṣirò náà kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ ò yí padà. Ọkọ̀ òkun ló ń kó wáìnì wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, kọ́sítọ́ọ̀mù sì ń gba tirẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kó wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo wa la mọ ibi tí owó ìgò fò dé. Èyí tó wọ́n díẹ̀ ju èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni mo máa ń mú, torí pé ibẹ̀ ni owó tí mo fi kún un ti ń dé inú ìgò. Bí owó bá wá ga kọjá ibì kan, orúkọ, ìgò wúwo àti bébà aláwọ̀ wúrà lẹ̀ ń rà. Ata rodo kò sì mọ orúkọ.

Ọ̀rọ̀ páálí náà tún wà. Ojú wáìnì inú páálí máa ń ti àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ oríṣi méjì ni. Páálí lítà kan tí ẹ ń já létí bí ti wàrà, tí ẹ bá ti ṣí i, afẹ́fẹ́ ti wọlé, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ìgò tí ẹ ṣí. Àpótí onílítà mẹ́ta tó ní ọ̀rá nínú àti ẹnu ẹ̀rọ bíńtín nísàlẹ̀ ni èkejì. Thomas Angove, ará Ọsirélíà, ló ṣe àpótí wáìnì ọlọ́rá jáde ní 1965. Bí ẹ ṣe ń fa wáìnì jáde ni ọ̀rá náà ń rún wọlé, afẹ́fẹ́ kò sì ráyè. Ó lè wà nínú fìríìjì fún oṣù kan láìbàjẹ́. Fún ẹni tó ń mu ife kan lálẹ́, tí kò fẹ́ kí ìgò kan máa lé òun, n kò tíì rí ohun tó dára jù ú lọ. Ìdérí lílọ́ náà kì í ṣe àmì òṣì. Kọ́ọ̀kì máa ń ba wáìnì jẹ́ nígbà mìíràn, tí á máa rùn bíi páálí tó rin. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ti fi ẹ̀yìn ọmọ orógùn ti kọ́ọ̀kì wọ inú ìgò rí ní alẹ́ tí a kò rí ohun ìṣí, tí wáìnì fò sí mi láṣọ iṣẹ́ funfun. Ìdérí lílọ́ ni tèmi.

Ẹ tún máa wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ "% vol" tì. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pín níbi ìgbéyàwó pé wáìnì ni, omi èso tí wọ́n fi atẹ́gùn sí ni, kò ní ọtí kankan nínú. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ó sì dára fún ẹni tí ẹ̀sìn tàbí ìlera kò jẹ́ kó mu ọtí, ṣùgbọ́n ẹ má san owó wáìnì sórí rẹ̀. Ní ilé àwọn àna mi tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, sóbò tí kò ní ṣúgà púpọ̀, tó tutù, ni wọ́n ń gbé ti ọbẹ̀ ata. Ó kan, ó fa ẹnu díẹ̀, ó pupa. Ní òtítọ́, ó bá oúnjẹ náà mu ju ìdajì àwọn wáìnì tí mo ti rà lọ.

Ọdún tí wọ́n kọ sára ìgò náà ń kó àwọn ènìyàn sí ìṣòro. Ọdún tí wọ́n ká àjàrà ni, kì í ṣe ọdún tí ó máa bàjẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé bó bá ṣe pẹ́ tó ló máa dára tó. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wáìnì ayé ló ń dára sí i nípamọ́, àwọn tó wọ́n sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Èyí tí èmi àti ẹ̀yin ń rà, kí a mu ún láàárín ọdún kan sí mẹ́ta ni wọ́n ṣe ṣe é. Èmi ni mo ń sọ ọ́: ìgò kan bá ẹ̀bùn Kérésìmesì wá nígbà tí Sìmí ṣì ń rá, mo fi í pamọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní ọjọ́ tó bá wọ ilé ìwé girama la máa ṣí i. Ọjọ́ náà pé. Àwọ̀ rẹ̀ ti di ti tíì, òórùn rẹ̀ sì jọ ti aṣọ tó pẹ́ nínú àpótí. A da á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló pa ìgò yẹn, ooru orí kọ́bọ́ọ̀dù ló pa á jù. Nígbà tí ìwé bá ní kí ẹ mu pupa bí inú yàrá ṣe rí, yàrá ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́ ni wọ́n ń sọ, tí ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 18 lọ lórí Celsius. Yàrá tiwa lè jẹ́ 30. Ní 30, ọtí ló máa ń kọ́kọ́ ta ni nímú, adùn èso á sá lọ. Ẹ fi pupa sínú fìríìjì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún, kí funfun sì wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Tí kò bá sí iná, ẹ da omi àti yìnyín pọ̀ sínú korobá, kí ẹ ri ìgò mọ́ ọn dé ọrùn. Omi àti yìnyín pa pọ̀ yá ju yìnyín nìkan lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ ju yìnyín sínú ife gan-an, kò sí ọlọ́pàá tó máa mú yín.

Ìdí nìyí tí n kì í fi í ra ìgò tó dúró sí ojú oòrùn níwájú ìsọ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Mo máa ń wo kọ́ọ̀kì bóyá ó ti ń yọrí síta, torí ooru ló ń tì í. Mo máa ń wá nọ́ńbà NAFDAC, mo sì ń wo ìdérí bóyá ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án, torí pé àwọn oníjìbìtì wà tí wọ́n ń ṣa òfìfo ìgò tí wọ́n ń rọ ohun tó wù wọ́n sí i.

Nípa iye tó yẹ ká mu, ìgò bíà ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ìgò wáìnì jẹ́ 75cl, bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 13, ọtí gidi inú rẹ̀ ju ti ìgò bíà ńlá mẹ́ta lọ, ìyẹn bíà 60cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5. Ẹni tí kì í mu bíà mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ mu ìgò wáìnì tán kó ní òun kàn fi sin oúnjẹ lọ. Ife márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 2016, ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn ìjọba ilẹ̀ Britain fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kò tó ìgò kan ààbọ̀ irú rẹ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ẹni tó bá ń lo oògùn kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fún un lóògùn, kí ẹni tó ṣì fẹ́ wakọ̀ sì dúró dìgbà tó bá padà wálé.

Ìyókù inú ìgò, ẹ dé e padà, ẹ fi í sí fìríìjì, pupa àti funfun. Á wà dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Lẹ́yìn náà, kòkòrò ọtí kíkan á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bíi ti kèǹgbè ọjọ́ kejì. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ìgò ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, òun ló fi ìyókù rẹ̀ rẹ ẹran màlúù pẹ̀lú ata ilẹ̀ àti aáyù, ẹran náà sì rọ̀ débi pé kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ dídá a padà mọ́.

Nígbà tí mo tún yà ní ìsọ̀ ibùdókọ̀ náà, obìnrin tó ni ín rántí mi. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ti ìjẹta náà lẹ tún fẹ́?"

"Rárá, mà. Ìyẹn, ẹmu alẹ́ ni. Ẹ bá mi wá èyí tó jẹ́ ẹmu àárọ̀."

Ó wò mí fún ìṣẹ́jú kan, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fi àwọn ìgò tó tò síwájú sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí abẹ́ tábìlì, níbi tí oòrùn kò dé.